Bí Oògùn Ìrora Jẹjẹrẹ Ti Pẹ́ Lọ́nà Kí Ó Tó Dé Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìlawẹ̀, ní Ìwòròkò, bóyá ni a lè rí ìjọ kan tí kò tí ì sin ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ pa. Iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ ni láti bẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò, kí ó gbàdúrà, kí ó sì jókòó ti àwọn ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ikú kọ́ ni ó máa ń ṣòro fún mi jù nínú rẹ̀, nítorí a ti kọ́ wa bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ òkú; ìrora tí ń ṣáájú ikú ni. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, a kọ́ wa ní ìwàásù ìsìnkú àti orin ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ohun tí a ó wí fún obìnrin tí ó ń fi eyín gé ìṣẹ́tí aṣọ ìbora rẹ̀ ní agogo méjì òru.

Nítorí èyí ni mo ṣe tọ ipasẹ̀ oògùn tí ń pa irú ìrora bẹ́ẹ̀, láti ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò rí i pé ìtàn náà gùn, ó sì ya ni lẹ́nu. Oògùn náà ti wà láyé fún ohun tí ó lé ní igba ọdún. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò sì ti kọ ọ̀nà ìlò rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Síbẹ̀ ó pẹ́ lọ́nà kí ó tó yọ sí wa, àní títí di òní ni ó ṣì wà lọ́nà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo orúkọ àrùn náà. Nígbà tí àwọn oníṣègùn Gíríìkì ìgbàanì rí kókó líle tí àwọn iṣan wíwú nà yí ká bí ẹsẹ̀, wọ́n pè é ní akàn, orúkọ akàn yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà láti inú èdè Látìnì. Àwọn baba wa kò wo ìrísí rẹ̀. Ìṣe rẹ̀ ni wọ́n wò, nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni a sì ti ń gbọ́ pé ohun kan ń jẹ ara. Mo rò pé tiwa ni ó sún mọ́ olókùnrùn jù. Kókó náà a máa tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, a máa wọ inú egungun, a máa dí ìfun, a máa mú ẹ̀dọ̀ wú títí awọ tí ó bò ó yóò fi nà jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni ó sì ní irú oró tirẹ̀. Àwọn baba wa ní oògùn fún ẹ̀fọ́rí, fún inú rírun, fún oró àkéekèé. Fún oró tí ń ti inú egungun jáde tí kì í sinmi lọ́sàn-án àti lóru, sùúrù ni wọ́n ní.

Àwa ọmọ Èkìtì sì fẹ́ràn ẹni tí ó lè mú nǹkan mọ́ra. Àárín òkè àti àpáta ni a bí wa sí; àwọn baba wa dúró nínú ogun Kírìjì láti 1877 títí di 1886, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí olókùnrùn bá dákẹ́, a ó yìn ín pé akin ni; bí ó bá kígbe, a ó ní kí ó fara dà á. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ tí a wí fún olókùnrùn nínú ìjọ pé Olúwa wa kọ ọtí tí a pò mọ́ òjíá nígbà tí a ń kàn án mọ́ àgbélébùú, nítorí náà kí onígbàgbọ́ má ṣe gba ohun tí ń pa ìrora. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò rántí ará Samáríà, tí ó da òróró àti ọtí wáìnì sí ọgbẹ́ ẹlòmíràn láì kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó bá lè fara dà á.

Nísinsìnyí kí a lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará ìlà-oòrùn ti ń fi abẹ sá orí èso òdòdó kan tí a ń pè ní pọ́pì kí oje rẹ̀ lè sun jáde. Bí oje náà bá gbẹ, òun ni ópíọ́mù. Ó ń pa ìrora, ó sì ń mú ènìyàn sùn. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ kò dọ́gba: ìwọ̀n kan náà tí ó mú olókùnrùn sùn lánàá lè má ràn án lónìí, ó sì lè pa á lọ́la, nítorí oje oko kan kò rí bí ti oko kejì. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ apoògùn ní ìlú Paderborn, Friedrich Sertürner ni orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun náà gan-an tí ó fún oje yìí lágbára. Ó yọ ọ́ jáde bí ìyẹ̀fun funfun. Ó dán an wò lára ajá. Lẹ́yìn náà òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gbé e mì, wọ́n sì gbé e mì jù, títí ó fi di pé ó ní láti mu ọtí kíkan kí ó bàa lè pọ̀ ọ́. Ó sọ ìyẹ̀fun náà ní orúkọ òrìṣà àlá tí àwọn Gíríìkì ní, Morpheus, níbẹ̀ ni a ti rí orúkọ mọ́fíìnì. Láti ìgbà náà ni a ti lè fi òṣùwọ̀n wọn oògùn ìrora, kí ìwọ̀n tòní sì jẹ́ ìwọ̀n tọ̀la. Gbogbo ohun rere tí ó tẹ̀ lé e dúró lórí èyí.

Ohun búburú pẹ̀lú tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ilẹ̀ Ṣáínà jagun nítorí òwò ópíọ́mù láti 1839 sí 1842, ó tún bá a jà láti 1856 sí 1860. Ní 1853 Alexander Wood ní Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́rẹ́ fún ènìyàn ní mọ́fíìnì, èyí tí ó mú un yára wọ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì tètè ń di bárakú fún àwọn tí ń lò ó láìsí àìsàn. Ní 1898 ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì mú hẹroíìnì jáde fún títà gẹ́gẹ́ bí oògùn ikọ́. Ojú ayé wá là, ẹ̀rù sì dé. Àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Hague ní 1912, wọ́n sì ṣe òfin. Ìjọba àmúnisìn ní Nàìjíríà ṣe Òfin Oògùn Eléwu tirẹ̀ ní 1935. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ológun ṣe òfin ní 1984 tí ó fi ikú ṣe ìjìyà oníṣòwò oògùn olóró, a sì yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ ní 1985. Àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, NDLEA, bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ẹ má rò pé mo ń bú òfin. Mo ní ọmọ, mo sì mọ ohun tí oògùn olóró ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ìgboro. Ṣùgbọ́n àdéhùn ńlá tí gbogbo ayé ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1961 ní apá méjì: èkíní ní kí a má jẹ́ kí a lo àwọn oògùn wọ̀nyí ní ìlòkulò, èkejì ní a kò lè ṣe aláìní wọn fún pípa ìrora, kí ìjọba sì rí i pé wọ́n wà. Apá èkíní ni ọ̀pọ̀ ìjọba gbọ́. Dókítà tí ó bá kọ mọ́fíìnì sínú ìwé a máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Obìnrin kan ni ó yí ọkàn àwọn dókítà padà. Cicely Saunders ni a ń pè é, a bí i ní 1918 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ̀yìn dídùn kò jẹ́ kí ó lè máa gbé aláìsàn, ó sì yí sí iṣẹ́ àwọn tí ń bá aláìsàn tún ọ̀ràn ilé àti owó wọn ṣe. Ní 1948 ó ń tọ́jú ọkùnrin kan, David Tasma, Júù láti ilẹ̀ Pólándì, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ ní Lọ́ńdọ̀nù láìní ìyá, láìní bàbá lọ́dọ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ irú ilé tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ parí ayé rẹ̀ sí. Nígbà tí ó kú, ó fi pọ́n-ún 500 sílẹ̀ fún obìnrin náà, kí ó lè jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tí wọ́n ń sọ. Mo ti ronú sí fèrèsé yìí púpọ̀: ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni Saunders fi wá ilé tí yóò kàn án sí, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún.

Nítorí wọ́n sọ fún un pé dókítà nìkan ni àwọn dókítà yóò gbọ́ tirẹ̀, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, ó sì di dókítà ní 1957. Ṣáájú èyí, ní ilé St Luke's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń lọ ṣèrànwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rí ohun kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń ṣe láì pariwo: wọn kì í dúró de igbe. Wọ́n ń fún olókùnrùn ní mọ́fíìnì ní ẹnu ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, yálà ìrora ti padà tàbí kò tí ì padà. Láti 1958 ó lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní St Joseph's ní Hackney, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, olókùnrùn kan lẹ́yìn èkejì. Ó rí i pé àwọn tí ń gbà á nítorí ìrora kì í di ẹrú rẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ń dúró lórí ìwọ̀n kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ó rí i pẹ̀lú pé ìrora kì í mọ sínú ara: ọkàn a máa dùn wọ́n, ọ̀ràn àwọn ọmọ a máa dùn wọ́n, ẹ̀rù ọ̀run a máa dùn wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìrora kan ṣoṣo. Ní 1967 ó ṣí St Christopher's Hospice ní Lọ́ńdọ̀nù. Fèrèsé David Tasma wà níbẹ̀. Nínú ilé kan náà ni jẹjẹrẹ ti pa òun fúnra rẹ̀ ní 2005.

Ní 1986 Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó sọ ọgbọ́n yìí di àkàsọ̀ onípele mẹ́ta, kí dókítà abúlé pàápàá lè gùn ún. Ìpele èkíní ni parasitámọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìrora bá borí wọn, a ó bọ́ sí ìpele èkejì, kódíìnì tàbí irú rẹ̀; bí ó bá borí ìyẹn, mọ́fíìnì. Ní 2018 àjọ náà tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní afinimọ̀nà ni àkàsọ̀ náà, kí a má fi de ara wa lókùn, nítorí ẹni tí ìrora ńlá bá lójijì kò ní láti ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni èyí: ní ẹnu bí ó bá ṣeé ṣe, ní àkókò rẹ̀ láì yẹ̀, àti ní ìwọ̀n tí ó bá olúkúlùkù mu.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ni ó máa ń ṣòro fún àwọn ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi oko ìrẹsì Ìgbẹmọ ṣe àpèjúwe. Nígbà tí ìrẹsì bá ń gbó, àwọn ọmọ a máa dúró ní oko láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n a máa pariwo, wọ́n a máa ju òkúta, bí ẹyẹ kan kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀run. Ọmọ tí ó bá ní òun yóò sùn títí ẹyẹ yóò fi bà, koríko ni yóò bá lóko. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora rí. Bí a bá jẹ́ kí ó bà tán kí a tó dìde sí i, oògùn tí ó pọ̀ jù ni a ó fi lé e, kò sì ní í lọ bọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí mo ní láti sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó ti pẹ́ kí ó tó fi han ẹnikẹ́ni; ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Parasitámọ́ọ̀lù ni wọ́n fún un, àti abẹ́rẹ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ bí àwa, wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì mú ìgò omi mọ́fíìnì kan bọ̀, pẹ̀lú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ láti máa fi wọ̀n ọ́n, àti ìwé tí wọ́n kọ ìlò rẹ̀ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Yèyé sùn. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀, ó ṣì ń sùn, ẹ̀rù sì bà wá, a ń wo àyà rẹ̀ bí ó bá ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀. A kò mọ̀ pé gbèsè oorun oṣù mẹ́ta ni ó ń san. Ní ọjọ́ kẹta ó dìde jókòó, ó béèrè ẹ̀kọ, ó sì bi mí pé, “Olùkọ́, ta ni ó kó àwọn ọmọdé kọrin ní ọjọ́ Ìsinmi?”

Ní ọjọ́ kẹjọ inú rẹ̀ le bí pákó. Kò yàgbẹ́ láti ọjọ́ tí ìgò náà ti dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bì. Àwọn aládùúgbò ní oògùn náà ti so ó nífun, wọ́n ní ohun tí àwọn ọmọ ìta ń mu ni, àti pé ó ti di bárakú fún un ná, àbí kí ló dé tí ó ń wo aago? Àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí. Èmi, tí n kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, mo ní kí wọ́n dá a dúró, kí a sì gbàdúrà. Ní òru ọjọ́ kejì mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ilé mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wá kí i láti Adó. Kò tí ì jókòó tí ó fi ní kí a mú ìwé oògùn wá. Ó ka ìlà èkíní. Ó ka ìlà kejì. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní, “Oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi tì í dà?” Ìlà kejì náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, ìlà kan ni a kà.

Gbogbo oògùn tí ó lágbára ni ó ní ìyọnu tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ìyọnu náà ṣáájú ti ṣẹ́gun ìdajì rẹ̀. Ti mọ́fíìnì kò farasin. Òòyì àti ìtòògbé a máa wà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n a sì lọ. Ìrìndọ̀ àti èébì a máa bá àwọn kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn èébì wà fún un. Ẹnu a máa gbẹ, ara a sì máa yún àwọn mìíràn. Àìrígbẹ́yà nìkan ni kì í lọ, nítorí mọ́fíìnì ń mú ìfun lọ́ra níwọ̀n ìgbà tí a bá ń lò ó. Nítorí náà ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́fíìnì ni a ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ìyàgbẹ́. Ohun tí a kọ sí ìlà kejì fún Yèyé ni sẹ́nà, ewé tí ó jẹ́ ìbátan asùnwọ̀n òyìnbó. Àwọn ìyá arúgbó tí ń bá ìgò náà wí ti ń se asùnwọ̀n fún ẹni tí inú rẹ̀ dì kí a tó bí mi. Ní Ùgáńdà, níbi tí owó oògùn ti ṣọ̀wọ́n, kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí a lọ̀ ni wọ́n ń fún ẹlòmíràn.

Nípa bárakú, nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí: ara a máa mọ́ oògùn náà, nítorí bẹ́ẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ já a lójijì bí a ti ṣe; ṣùgbọ́n ẹni tí ń wo aago nítorí ìrora kò rí bí ẹni tí ń jí owó ìyá rẹ̀ láti mu ún. Nípa mímí tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, òtítọ́ ni pé mọ́fíìnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè dá mímí dúró, pàápàá lára ẹni tí kò ní ìrora tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, mìlígíráàmù 5 fún àgbàlagbà, kí ó kéré sí i fún ẹni tí ó ti rù, tí ó sì ń fi kún un ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìgò náà fi gbọ́dọ̀ wà ní àtìpa kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Mọ́fíìnì nìkan kọ́ ni ó ní ìyọnu. Àwọn oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun ogun: gáàsì mọ́sítádì tí a fi jà ní 1917 ni àwọn dókítà ní Yale, ní Amẹ́ríkà, mú ìbátan rẹ̀ lò fún olókùnrùn kan ní 1942. Ohun tí a ṣe láti pa kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ dáadáa. Nítorí náà irun a máa já, ẹnu a máa bó, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dín. Irun yóò padà hù. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ dára fún ẹnu. Ṣùgbọ́n ibà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé oògùn náà kì í ṣe ibà tí a ń fi àgbo dúró dè. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán. Ní ti egbò tí ń rùn, èyí tí ó máa ń lé àwọn àlejò kúrò lọ́dọ̀ olókùnrùn, oníṣègùn a máa lọ Flagyl kúnná wọ́n ọn lójú. Mo ti rí ilé tí àlejò ti padà wọ̀ nítorí èyí nìkan.

Báwo ni ìgò náà ti ṣe dé Ìbàdàn? Dókítà obìnrin kan, Anne Merriman, ọmọ Liverpool, ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó wà ní Singapore, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì mọ́ omi àti ohun tí kò ní í jẹ́ kí ó bàjẹ́, kí olókùnrùn lè máa mu ún ní ilé ara rẹ̀. Ó gbé ọgbọ́n náà wá sí Nairobi ní 1990, àti sí Kampala ní 1993, níbi tí ó ti dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀. A ń da àwọ̀ sí omi náà kí a má bàa ṣi èyí tí ó lágbára mú. Owó ìgò kan kò sì wọ́n ju ìṣù búrẹ́dì lọ. Ní 2004 Ùgáńdà ṣe òfin tí ó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa lè kọ mọ́fíìnì fún olókùnrùn, nítorí dókítà kò tó. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Sóyannwò, oníṣègùn akunnilóorun ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó ṣáájú àwọn tí ó gbé iṣẹ́ yìí dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, títí ilé ìwòsàn U.C.H. fi ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú irú àwọn olókùnrùn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń tọ̀ wọ́n lọ sí ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ti kéré tó. Ní 2017 àwọn onímọ̀ kan tẹ ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet. Wọ́n ka gbogbo oògùn irú mọ́fíìnì tí a ń pín ní ayé lọ́dún sí tọ́ọ̀nù 298.5, nínú rẹ̀, 0.1 péré ni ó ń lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tálákà jù. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí ó kan olókùnrùn kan tí ó nílò rẹ̀ lé ní mìlígíráàmù 55,000 lọ́dún. Ní Nàìjíríà, mìlígíráàmù 0.8 ni. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí ṣe iṣẹ́ fún kíláàsì rẹ̀: ìwọ̀n tí Yèyé gbé mì ní alẹ́ àkọ́kọ́, mìlígíráàmù 5, ju ìpín ọdún mẹ́fà lọ fún olókùnrùn kan ní ilẹ̀ wa.

A kò wà láìní ilé ìwòsàn ní Èkìtì. Ilé Àbíyè tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Adó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nígbà tí a ń bọ̀ wá sáyé. Ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ ní Adó di ti Yunifásítì ní 2008, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2014. Ṣùgbọ́n mọ́fíìnì kì í rìn bí àwọn oògùn mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ń mú un wọlé, fún ìgbà pípẹ́ sì ni ilé ìwòsàn tí ó bá fẹ́ ẹ fi ní láti rán ènìyàn lọ sí Òṣòdì ní Èkó pẹ̀lú ìwé àti òǹtẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de omi kódíìnì fún ikọ́ ní oṣù karùn-ún 2018, ìlòkulò rẹ̀ láàrín àwọn ọ̀dọ́ ni ó fà á, ìdí náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé láti ìgbà náà ni orúkọ oògùn ìrora èyíkéyìí ti ń mú kí àwọn ènìyàn rẹ ohùn sílẹ̀. Láti Adó dé Ìbàdàn, Àrámọkọ ni a ó gbà, àti Ìtawùrẹ́, àti Iléṣà, àti Ifẹ̀. Olókùnrùn tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rún kì í rin ọ̀nà yẹn. Ọmọ rẹ̀ ni yóò rìn ín fún un, bí ó bá ní ọmọ, bí ọmọ náà bá sì ní owó ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Yèyé lò lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì náà ka ìlà kejì fún wa. A ń fún un ní sẹ́nà lálaalẹ́, a sì ń fún un ní mọ́fíìnì ní aago mẹ́fà, mẹ́wàá, méjì, mẹ́fà, àti ìlọ́po méjì ní mẹ́wàá alẹ́ kí ó lè sùn mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ a máa gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ilẹ̀ oko, ó pín in fún wọn lójú àwọn àgbà ẹbí. Ó kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní bí a ti ń pààlà iyán kí ó má ní kókó. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin náà. Ó ní kí n gbé omi fún òun mu ná.

Ó kú ní ìdájí ọjọ́ kan láì kígbe. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ gbé ìgò náà padà sí Ìbàdàn, èmi náà sì bá a lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á lọ́wọ́ wa da èyí tí ó kù sínú ìfe òṣùwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ìlà rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: mìlílítà 35. Ó ní kí ọmọ náà fọwọ́ sí i, kí èmi sì ṣe ẹlẹ́rìí.